Bàbá Olóṣùwọ̀n: ìtàn oníṣòwò kòkó kan tó ṣe káńsẹ́lọ̀ ní Oǹdó

Alága ìjókòó, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ pa ìsọ̀ tì nítorí wa, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí tíṣà fi dandan mú wá, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oníṣòwò nínú òṣèlú ìlú wa. Mo rí i lójú wọn pé àwọn gómìnà ni wọ́n ń retí kí n dárúkọ. Àwọn gómìnà ti ní ẹni tó ń kọ ìtàn wọn, wọ́n tún ní ẹni tó ń sanwó fún un. Èmi gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wá tí ipò rẹ̀ kò ju káńsẹ́lọ̀ lọ, tí òwò rẹ̀ kò sì ju ìsọ̀ kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀kan sì ti ń wò mí bákan. Bàbá Olóṣùwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ jẹ́ kí àwa náà pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé ò lè mọ ohun tí orúkọ yẹn gbé dání. Láyé ìgbà yẹn, nínú òwò kòkó, ẹni tó ń fi páànù ra kòkó yàtọ̀ sí ẹni tó ní òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń fi páànù rà á ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, yóò bu kòkó àgbẹ̀ ní páànù mẹ́ta, mẹ́rin, yóò rù ú lórí. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n jókòó síbi kan, àwọn onípáànù ló ń wá bá a. Lókè rẹ̀ ni aṣojú tó ní láísẹ́ńsì wà, lókè aṣojú ni Bọ́ọ̀dù. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹrù ló ń bá onípáànù kan rù nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó ra òṣùwọ̀n tirẹ̀, ọjọ́ tó gbé e dé, ìyá rẹ̀ bu omi tútù sí ìdí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ tuntun ni.

Bọ́ọ̀dù tí mo dárúkọ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, torí òun ni òpó ilé yìí. Ìjọba òyìnbó ló dá Ìgbìmọ̀ Ìtajà Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947. Ní 1954 wọ́n pín in fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tiwa sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sẹ́ni tó lè ta kòkó sókè òkun àfi Bọ́ọ̀dù. Tí ìkórè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kéde iye tí wọ́n fẹ́ ra tọ́ọ̀nù kan, iye náà kò ní yẹ̀ títí ìkórè yóò fi parí. Tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù bá lọ sókè ju ìyẹn lọ, èrè orí rẹ̀ di ti ìjọba. Owó yẹn wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ó wà nínú Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí n'Íbàdàn ní 1965. Bàbá kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yin Ilé Kòkó létí òun. Yóò ní, "Ṣé ẹ rí fèrèsé kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ Oǹdó sí?"

Síbẹ̀, iye owó tí kò yẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí irú òwò tirẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni iléèwé ń wọlé. Ìkórè ńlá kòkó kì í gbóná tó oṣù kẹwàá, ó máa ń fà dé oṣù kìíní. Kí àgbẹ̀ tó gé kòkó, kó fọ́ ọ, kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kó sá a kó gbẹ, wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó iléèwé. Tọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Báńkì kò mọ ọ̀nà abúlé. Ọ̀dọ̀ olóṣùwọ̀n ni yóò lọ, yóò gba owó sílẹ̀ lórí kòkó tó ṣì wà lórí igi. Olóṣùwọ̀n lè yá a nítorí ó mọ iye tí kòkó náà yóò jẹ́ nígbà tó bá gbẹ. Bọ́ọ̀dù ti kéde rẹ̀.

Bàbá kò mọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta ni mo ti ń bá a kọ ìwé gbèsè. Ìwé gbọọrọ ni, aláwọ̀ pupa, etí rẹ̀ ti jẹ. Ní apá òsì a ó kọ orúkọ àti abúlé. Láàárín, iye owó. Ní apá ọ̀tún ni ohun tó ń jẹ́ kí orí mi wú títí dòní: ìdí tí wọ́n fi gbà á. Owó iléèwé. Òkú ìyá. Ìyàwó bímọ, wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Ẹjọ́ ilẹ̀. Oògùn kòkó. Mo bi í nígbà kan pé kí ló fẹ́ fi ìdí ṣe, ṣebí owó ni owó ń jẹ́. Ó ní, "Ẹni tó gbà á fún òkú kò ní tètè san, má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó gbà á fún ìyàwó kejì, bá mi sàmì sí i."

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ rèé, kí n má baà gbàgbé rẹ̀ sínú ìtàn. Ìwé gbèsè yẹn ni ìwé olùdìbò àkọ́kọ́ tí mo rí láyé mi. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan tó wá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, Bàbá ti mọ agboolé tó ń jà, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbọ́n, ó mọ ibi tí afárá ti já. Ìgbà yẹn, òwò ló ń kọ́ ènìyàn ní òṣèlú. Lónìí, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá dé ipò ni wọ́n ń mọ òwò tí wọ́n ń ṣe.

Kí ló gbé e wọnú òṣèlú? Ojú ọ̀nà ni. Láti ìgboro Oǹdó sí àwọn abúlé ibi tó ti ń ra kòkó, ilẹ̀ pupa ni, òjò oṣù kẹsàn-án sì ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ lè rì síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kòkó tó ti gbẹ á gba omi lórí ìrìn, á bu. Tó bá dé iwájú ìsípẹ́kítọ̀ ìjọba, wọn yóò la hóró rẹ̀ sí méjì, wọn yóò wo inú rẹ̀, wọn yóò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ tún sá. Àpò kan ju ọgọ́ta kílò lọ, mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe tọ́ọ̀nù. Ẹ wá ṣírò tọ́ọ̀nù mẹ́rin tó bu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìjọba ológun tún ìjọba ìbílẹ̀ tò ní 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n ṣètò ìdìbò káńsù ní òpin ọdún. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú nínú rẹ̀. Wọ́n ti fòfin de ẹgbẹ́ láti 1966. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ ni yóò fi jáde. Bàbá ní òun ń lọ.

Ẹ má rò pé ó pariwo. Kò lẹ àwòrán mọ́ ògiri kankan. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló bá a rìn. Níbí ni mo ti fẹ́ yà bàrá díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìlú wa yìí, obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba ìlú wa, Púpùpú ni. Títí dòní a ní Lọ́bùn, ọba obìnrin, tí ọ̀rọ̀ ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí wọn kò sì lè fi Ọ̀ṣemàwé jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn òṣèlú Oǹdó láìdárúkọ àwọn obìnrin ọjà, irọ́ ló ń pa. Ìyá wa yìí ta aṣọ àwìn fún idajì wọ́ọ̀dù. Ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun kò wá gba owó aṣọ, òun wá kí wọn ni. Gbogbo wọn ló yé.

Ó wọlé.

Kí ló ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ọmọ rẹ̀ tó ń wò mí bákan yẹn mọ̀ ọ́n náà. Ó mú kátápílà káńsù wá sí ọ̀nà abúlé fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní kò sí epo dísẹ̀lì, ó ra epo náà lápò ara rẹ̀. Ọ̀nà gún, ọkọ̀ ń lọ, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni kòkó ti ń gbéra láàárọ̀ tó ń dé ìgboro lọ́sàn-án. Wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù náà. Èyí tó tún ṣe ni èyí tó lọ síbi ìsọ̀ rẹ̀. Ìkejì, tó lọ sọ́dọ̀ olóṣùwọ̀n mìíràn, kò rí kátápílà títí ó fi kúrò nípò. Mo bi í nígbà tí mo dàgbà. Ó ní, "Ibi tí bàtà ti ń ta mí ni mo mọ̀." Wọ́n tún sọ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ máa ń jẹ kílò kan nínú àpò. Èmi tí mo ń kọ ìwé, mo mọ̀ pé nígbà míì ó ń jẹ ju kan lọ. Mi ò ní fọ̀rá pa á lójú.

Nígbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ padà dé, tí Olóyè Adékúnlé Ajásin di gómìnà ní 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ìyẹn UPN, káńsù tí aráàlú dìbò yàn lọ, àwọn tí ìjọba yàn ló wá ń jókòó síbẹ̀. Bàbá padà sí ìsọ̀. Wọ́n wá pè é sẹ́gbẹ́, ó ní òun ń ra kòkó lọ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ́ méjèèjì, UPN àti NPN tó ń bá a du ipò. Ọgbọ́n yẹn gbà á là ní oṣù kẹjọ 1983.

Ọjọ́ yẹn, ó kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ti kéde pé Olóyè Akin Ọmọbóríowó, tó ti ṣe igbákejì Ajásin kó tó bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN, ló na ọ̀gá rẹ̀ nínú ìdìbò gómìnà. Ìgboro Àkúrẹ́ gbiná. Lára àwọn tí wọ́n pa ni Ọláìyá Fágbàmígbé, oníṣòwò ìwé tó ní ilé ìtẹ̀wé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì wọ òṣèlú. Bàbá àti awakọ̀ rẹ̀ sá wọ ilé ẹnìkan ní Òkè-Àró, wọ́n sùn sórí àpò kòkó. Ilé ẹjọ́ padà sọ pé Ajásin ló wọlé, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, ológun ti dé. Ohun tí Bàbá sọ nípa ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó délé ni pé, "Ọkùnrin tó ní ilé ìtẹ̀wé, kí ló tún ń wá?" Èmi ronú pé òun náà tó ní òṣùwọ̀n, kí ló ń wá, ṣùgbọ́n mi ò bi í.

Ní 1986 ni ilé wó. Ìjọba Babangida tú Bọ́ọ̀dù ká. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra kòkó, ẹnikẹ́ni tó bá lè kó o dé èbúté lè tà á sókè òkun. Inú àgbẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn, torí owó kòkó fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ìgbà díẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sunkún Bọ́ọ̀dù, ó ti rẹ́ àwọn bàbá wa jẹ tó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ibi òṣùwọ̀n. Àwọn àlejò tí a kò mọ̀ rí kó owó sínú àpò Gáná-Mọ́ọ̀-Gó wá sí abúlé. Púpọ̀ nínú wọn kò bìkítà bóyá wọ́n jèrè lórí kòkó, dọ́là tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń ra gbígbẹ, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra èyí tó bu. Orúkọ rere tí kòkó wa ní lókè òkun bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀.

Àwọn tó ti gbowó sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá ń kó kòkó fún àlejò lóru. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó gba owó sílẹ̀ lórí iye ti àná, tí àlejò wá ń na ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i lójú. Ìwé pupa wa kún fún orúkọ tí kò sí "ó ti san" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní ká lọ sí kóòtù. Ó kọ̀. Ó ní òun ṣì fẹ́ jáde du ipò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tó bá fi ọlọ́pàá mú àgbẹ̀, ta ni yóò dìbò fún un?

Ó jáde lóòótọ́, ní oṣù kejìlá 1990. Ẹgbẹ́ méjì ni ìjọba gbà láyè, ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn SDP, àti ẹgbẹ́ Ẹlẹ́yẹ, ìyẹn NRC. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dìbò: kò sí àpótí, kò sí ìwé. Wọ́n lẹ àwòrán olùdíje, o ó lọ tò sẹ́yìn ẹni tí o fẹ́, ní gbangba, lójú oòrùn, wọn yóò ka orí yín bí ẹni ka ewúrẹ́.

Mo wà níbẹ̀. Bàbá wọ agbádá funfun, ó dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó ń wo ìlà. Kò sí ìwà ìkà tó jọ kí wọ́n mú ọkùnrin tó ní ìwé gbèsè dúró síbi tó ti lè rí ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Ìlà wa kò gùn. Àwọn tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan ló pọ̀ níbẹ̀, àti àwọn tó gbowó fún òkú. Àwọn tó jẹ ẹ́ jù ló ṣáájú ìlà kejì. Nígbà yẹn mo pè é ní ìwà àìmoore. Ó ti yé mi báyìí. Olóṣùwọ̀n tó ní Bọ́ọ̀dù lẹ́yìn, gbèsè rẹ̀ ń so ènìyàn mọ́ ọn, torí ìkórè tó ń bọ̀ wọn yóò tún padà wá. Nígbà tí kò sí ìkórè tó ń bọ̀ láàárín wọn mọ́, gbèsè di ìdí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Tó bá wá tún di káńsẹ́lọ̀, tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, ṣé kò ní bèèrè owó rẹ̀?

Ẹni tó nà án kò ní ìsọ̀, kò ní oko. Kọ́ńtíráàtì ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ní Àkúrẹ́ ló ń fún un. Kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Ìrẹsì ló pín.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Mi ò sọ pé gbogbo oníṣòwò ti kúrò nínú òṣèlú. Gómìnà wa tó wà lórí àléfà báyìí, Lucky Aiyedatiwa, oníṣòwò ni kó tó wọ òṣèlú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsọ̀ tó so olóṣèlú kékeré mọ́ àdúgbò rẹ̀ ti tú. Ẹ ka ilé epo àti òtẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, kí ẹ bèèrè ọdún tí olúwa wọn kọ́kọ́ dé ipò àti ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Owó káńsù kò sí lọ́wọ́ aráàlú, Àbújá ló ti ń wá, ojú òkè ni gbogbo wọn sì ń wò. Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2025 a dìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ 18 la ní, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó ipò alága méjìdínlógún.

Bàbá kú láìsí láísẹ́ńsì, láìsí ọkọ̀. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, àbúrò mi kan fi ń wọn irin àlòkù. Ìwé pupa wà lọ́dọ̀ mi. Ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, tí àwọn tó ti gé kòkó wọn lulẹ̀ ń lérí pé àwọn yóò tún un gbìn, mo ṣí i. Mo rí orúkọ àwọn bàbá ènìyàn márùn-ún tó jókòó síwájú mi níbí. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò gbé e wá.

Mo fẹ́ jókòó ni ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn nàgà sókè, ó bi mí ìbéèrè kan tó yẹ kí n ti dáhùn. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà abúlé yẹn ńkọ́?"

Mo lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọ̀dà wà lórí rẹ̀ dé ibi afárá. Lẹ́yìn afárá, ilẹ̀ pupa. Ọkọ̀ wa rì síbi tí ọkọ̀ Bàbá ti máa ń rì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà jáde láti inú oko wá tì wá. Bí mo ṣe ń fún wọn lówó, èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo agbádá mi, ó wo bàtà mi, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ipò wo lẹ fẹ́ dù?"